Ohun Tí Ó Kó Àbàwọ́n Bá Òòṣà Olúfọ́n: Ìtàn Ọṣẹ, Òrí àti Osùn

Ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Òṣogbo, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni ìlú méjì kan wà tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn: Ìlobù, ìlú Olóbù, àti Ifọ́n, ìlú Olúfọ́n. Ìlobù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n sì ni ti Orolú, méjèèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Bí a bá dárúkọ Ìlobù, Erinlẹ̀, ọdẹ tí ó di odò, ni ó máa ń sọ sí àwọn onítàn lọ́kàn. Bí a bá dárúkọ Ifọ́n, òrìṣà funfun ni, Òòṣà Olúfọ́n, arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn, tí aṣọ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Nínú ìtàn òrìṣà yìí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti òrí ni, ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń wẹ ara àti ohun tí a fi ń pa ara.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Pierre Verger wà lára àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀ títí di òní ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brasil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé òrìṣà náà dé, tí wọ́n ń pè é ní Oxalufã. Wọ́n ní Òòṣà Olúfọ́n fẹ́ láti Ifọ́n lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ó dá Ifá, Ifá ní kí ó má lọ. Nígbà tí ó kọ̀ tí ó ní òun yóò lọ, babaláwo ní kí ó mú aṣọ àlà mẹ́ta, ọṣẹ àti òrí dání, àti pé ohunkóhun tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, kí ó ṣe é láìráhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù pàdé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun gbé ẹrù rù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì da ẹrù náà sí i lára: ó da epo pupa sí i lára, ó da èédú, ó sì da àdín. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, òrìṣà náà bọ́ sódò, ó wẹ̀, ó fi òrí pa ara, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án nítorí ẹṣin Ṣàngó tí ó ṣìnà, ó sì fi ọdún méje ṣẹ̀wọ̀n láìmọwọ́ mẹsẹ̀, títí Ṣàngó fi dá a mọ̀ tí ó sì ní kí wọ́n pọn omi tútù wá láti wẹ̀ ẹ́.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ púpọ̀ nípa sùúrù òrìṣà yìí. Ohun mìíràn ni a fẹ́ pe òǹkàwé sí. Kí ni Èṣù dà sí i lára? Epo pupa ni, àdín ni, àti ohun tí ó ti inú iná jáde. Kí ni a sì fi ń se ọṣẹ dúdú? Epo pupa ni, àdín ni, àti eérú tí ó ti inú iná jáde. Àwọn ohun tí ó kó àbàwọ́n bá òrìṣà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àwọn ohun tí ó bí ọṣẹ tí ó wẹ àbàwọ́n náà nù. Ohun tí ó wà láàrin ìdọ̀tí àti ọṣẹ ni ìmọ̀: ìmọ̀ iná, ìmọ̀ omi, ìmọ̀ ìwọ̀n. Ìmọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní kẹ́mísírì. Èrò tiwa ni pé àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n ní ìṣe kí a tó mọ̀ ọ́n ní orúkọ, àti pé àìmọ ìdí ohun tí wọ́n ń ṣe ti ń pa àwa ọmọ wọn lára.

Eérú àti epo

Nígbà tí igi tàbí èèpo bá jó, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń bá èéfín lọ. Ohun tí iná kò lè gbé lọ ni ó ń ṣẹ́kù sílẹ̀ bí eérú, lára rẹ̀ sì ni pọtásíọ́mù wà, èyí tí igi náà ti fi gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀. Èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ìdì ẹyìn tí a ti gba ẹyìn ara rẹ̀ ni ó ní èròjà yìí jù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tí ń se ọṣẹ fi ń fẹ́ eérú wọn ju eérú igi lásán lọ. Wọn a kó eérú náà sínú ajere, ìkòkò tí a lu ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí, wọn a da omi sí i, omi náà a sì máa ro díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Omi tí ó ro sílẹ̀ náà a máa pọ́n bí omi tíì, a sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Pọtásíọ́mù kábọ́néètì ni ó wà nínú rẹ̀, àlìkálì sì ni. Àwọn aláró Òṣogbo pẹ̀lú kò lè ṣe iṣẹ́ wọn láìsí irú omi eérú bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni ó ń mú kí ẹ̀lú tú àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ kan náà ni ó wà nídìí iṣẹ́ méjèèjì.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ káún. Káún tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti òkè Ọya, láti ẹ̀bá adágún Ṣáàdì, àlìkálì ni òun náà, ṣùgbọ́n sódíọ́mù ni ó wà nínú tirẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọṣẹ tí a fi pọtásíọ́mù sè a máa rọ̀, a sì máa tètè yọ́ nínú omi. Èyí tí a fi sódíọ́mù sè a máa le, a ṣeé gé ní ègé. Ìdí nìyí tí ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀ tí ó sì ń fa omi mọ́ra, tí ọṣẹ ilé-iṣẹ́ sì ń le gbagidi.

Bí a bá gbé omi eérú ka iná tí ó kan tí a sì da epo sí i, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan dà bí igi kan tí ó ní ẹ̀ka mẹ́ta: gílísáríìnì ni ìdí igi náà, ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta sì ni ẹ̀ka rẹ̀. Àlìkálì pẹ̀lú ooru a máa já àwọn ẹ̀ka náà kúrò lára ìdí wọn, pọtásíọ́mù a sì so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí ó so pọ̀ náà ni ọṣẹ. Orí kan rẹ̀ fẹ́ràn omi, orí kejì fẹ́ràn epo. Nígbà tí a bá fi í wẹ̀, orí tí ó fẹ́ràn epo a di ìdọ̀tí ara mú, orí tí ó fẹ́ràn omi a sì bá omi lọ, ìdọ̀tí náà a sì tẹ̀ lé e. Epo ni a fi mú epo. Gílísáríìnì tí ó tú sílẹ̀ a sì wà nínú ọṣẹ dúdú láìjáde, nítorí àwọn ìyá wa kì í fi iyọ̀ yà á sọ́tọ̀ bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń ṣe. Ohun tí ń fa omi mọ́ awọ ara ni gílísáríìnì.

Irú epo tí a lò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú àdín tí a yọ láti inú èkùrọ́, ásíìdì ọ̀rá tí a ń pè ní lauric fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, òun sì ni ó ń mú kí ọṣẹ hó kíákíá. Nínú epo pupa, palmitic ni ó ju ìdá 40 lọ nínú ìdá 100, òun ni ó ń mú kí ọṣẹ ki kí ó sì pẹ́. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ ti mú èyí tí ó ń hó pọ̀ mọ́ èyí tí ó ń pẹ́. Kò sí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ojú, ọwọ́ àti ọdún pípẹ́ nídìí iṣẹ́ ni òṣùwọ̀n wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni iṣẹ́ ti ṣáájú àlàyé. Ní Yúróòpù pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni wọ́n fi se ọṣẹ kí Michel Eugène Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1823 ohun tí àlìkálì ń ṣe sí ọ̀rá.

Òrí àti osùn

Kí ló dé tí Ifá fi ní kí arúgbó Ifọ́n mú òrí pẹ̀lú ọṣẹ? Awọ ara ènìyàn ní ìwọ̀nba ásíìdì lórí rẹ̀; lórí òṣùwọ̀n pH, ó sún mọ́ 5. Ọṣẹ sábà máa ń wà láàrin 9 àti 10. Níwọ̀n bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí ti jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìyàtọ̀ láti 5 dé 9 jẹ́ ìlọ́po 10,000. Ọṣẹ tí ó bá kó ìdọ̀tí lọ a tún kó lára epo tí awọ fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ, ara a sì fún, pàápàá nígbà ọyẹ́. Òrí ni ó ń dá ohun tí ọṣẹ mú lọ padà. Ẹni tí ó bá ní ọṣẹ dúdú kò lè ṣe ibi kankan fún awọ kò sọ òtítọ́. Ẹni tí ó sì bá ní àwọn àgbà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wo ohun tí wọ́n gbé lé e lẹ́yìn.

Láti ara igi ẹmi ni òrí ti ń wá, igi ilẹ̀ ọ̀dàn tí Mungo Park rí ní ìrìn àjò rẹ̀ láàrin 1795 àti 1797, tí àwọn onímọ̀ ewéko sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Òrí yàtọ̀ sí epo mìíràn ní ọ̀nà kan: apá kan wà nínú rẹ̀ tí àlìkálì kò lè sọ di ọṣẹ, ó sì sábà máa ń tó ìdá 5 nínú ìdá 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá yìí ni ó ń jókòó lórí awọ tí kò jẹ́ kí omi ara fò lọ. Òrí ni àwọn olórìṣà funfun ń lò dípò epo pupa, nítorí epo pupa jẹ́ èèwọ̀ fún wọn. Ohun tí ó ń pa ara mọ́ àti ohun tí ó ń pa èèwọ̀ mọ́ pàdé nínú igbá kan ṣoṣo.

Osùn ni ìkẹta. Kí a má ṣe da osùn tí a ń kùn pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun tí í ṣe odò. Ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀. Igi méjì ni a máa ń rí osùn lára wọn: ìrosùn, àti igi osùn fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko àgbáyé ń pè ní Pterocarpus osun. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n fi parí orúkọ náà, ẹ̀rí tí ó hàn gbangba pé ọwọ́ wa ni wọ́n ti gbà á. Àwọ̀ pupa tí ó wà nínú rẹ̀, santalin, kì í fẹ́ yọ́ nínú omi tútù. A máa yọ́ nínú ọtí líle àti nínú omi tí ó ní àlìkálì. Nítorí náà ni a fi ń lọ̀ ọ́ kúnná, tí a sì ń fi epo tàbí òrí pò ó kí ó lè lẹ̀ mọ́ ara. A fi í kun ìyàwó, a fi í kun ọmọ tuntun àti ìyá rẹ̀, a sì fi í kun ère ìbejì. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yóò rí i pé pupa osùn náà ṣì wà lára ọ̀pọ̀ àwọn ère náà, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ tí ó kùn ún ti di erùpẹ̀.

Òórùn dídùn

Ọṣẹ dúdú kò ní lọ́fínńdà nínú, òórùn eérú àti epo ni tirẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn baba wa kò mọ òórùn dídùn. Ohun tí a ń pè ní òórùn kì í ṣe nǹkan mìíràn ju èròjà wẹ́wẹ́ tí ó ń fò kúrò lára nǹkan tí ó sì ń dé imú wa. Èyí tí ó bá fúyẹ́ a tètè fò lọ, èyí tí ó bá wúwo a pẹ́. Bí a bá pò ó mọ́ ọ̀rá, ọ̀rá a dì í mú, kò sì ní lè yára lọ. Ìdí nìyí tí òróró olóòórùn fi ń pẹ́ lára ju omi olóòórùn lọ. Ẹfínrín tí ó wà lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, E. A. Sofowora wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé thymol tí ó wà nínú òróró ewé náà ní agbára láti pa kòkòrò àrùn. Èròjà kan náà ni ó ń ta sánsán tí ó sì ń ṣe ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò. Láti ara lavender àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1868, nígbà tí William Henry Perkin ṣe coumarin nínú ilé ìwádìí láìlo ewéko kankan, púpọ̀ nínú òórùn tí a ń rà nínú ìgò kò ti ara òdòdó wá mọ́.

Èkùrọ́ lọ, ọṣẹ bọ̀

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo wa di ohun tí àwọn oníṣòwò Liverpool ń wá kiri, nítorí àwọn ènìyàn ìlú ńlá wọn ń fẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là. Nicolas Leblanc ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1791 lórí ọ̀nà láti fi iyọ̀ òkun ṣe sódà, nítorí náà ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kò ní láti dúró de eérú mọ́. Epo ni wọ́n ṣàìní. Ní 1884, William Lever gbé ọṣẹ Sunlight jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èkùrọ́ agbègbè wa rí ọ̀nà dé Èkó wẹ́rẹ́. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Lever wá dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí a wá mọ̀ sí West African Soap Company, tí ó sì di Lever Brothers Nigeria ní 1955.

Bí a bá wo ọ̀ràn yìí dáadáa, a ó rí i pé epo kan náà ni ó lọ tí ó sì padà. Ohun tí ó yí padà ni pé ìmọ̀ tí ó wà láàrin epo àti ọṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ó ni ín. Ọṣẹ dúdú kò parẹ́, nítorí kò sí ọṣẹ mìíràn tí àwọn oníṣègùn gbà fún àgbo àti àṣẹ wọn. Ní Bàhíà pàápàá, ọṣẹ Etíkun ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń rà á wá láti ìhà ìhín òkun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ nídìí ajere kò mọ̀ pé ọṣẹ ní ìdí. Lójú rẹ̀, ohun tí ó wà nínú ike tàbí nínú bébà ni ọṣẹ, ohun tí a bá sì kọ sí i lára ni ó gbàgbọ́.

Àwọn tí ń bóra

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀ràn ẹ̀mí. Ọjà wa kún fún ìpara àti ọṣẹ tí ń bó awọ. Ohun tí ó ń fún awọ wa ní dúdú rẹ̀ ni mẹ́láníìnì, ó sì ń gba ìtànṣán oòrùn kí ó má baà ba ara jẹ́. Mákúrì àti hydroquinone ń ṣe iṣẹ́ wọn nípa dídí ara lọ́wọ́ láti ṣe mẹ́láníìnì náà. Mákúrì kò dúró lójú awọ, a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá kíndìnrín. Ní ọdún 1972, àwọn dókítà tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn obìnrin Nairobi tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ní 1975, G. H. Findlay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa ṣàpèjúwe bí hydroquinone, tí a lò fún ìgbà pípẹ́, ti sọ awọ tí a fẹ́ kí ó pọ́n di dúdú bí aró, tí ó sì le. Ìjọba ibẹ̀ fi òfin dè é nínú ìpara ní 1990. Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí tí ó sì fi di òfin lé ara rẹ̀ lórí ní 2018, lòdì sí mákúrì nínú ohun ìpara. Síbẹ̀, ní 2023, àjọ NAFDAC kéde pé ọ̀ràn ìbóra ti di pàjáwìrì nílẹ̀ wa.

Kí a má sì rò pé ohun ìbílẹ̀ kò lè pani lára. Tìróò tí a ń lé sójú, òjé ni ó pọ̀ nínú púpọ̀ rẹ̀. Ní Boston, ní 2011, a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí a lé tìróò láti Nàìjíríà sí lójú. Nígbà tí a yẹ tìróò náà wò, ìdá 82.6 nínú ìdá 100 ni òjé. Kì í ṣe pé ohun kan ti ọ̀dọ̀ baba wá tàbí ti òkè òkun wá ni ó ń sọ ọ́ di rere. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀, ni ìbéèrè. Obìnrin tí ó bá mọ̀ pé omi eérú tí ó bá kan jù yóò bó òun lọ́wọ́, tí ó sì mọ ìgbà tí epo ti mu ún tó, onímọ̀ kẹ́mísírì ni. Ọmọ ilé-ìwé gíga tí ó bá ra ìpara láìbi í léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, òpè ni nínú ọ̀ràn yìí.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣe kò wọ́n. Ajere kan, eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìwọ̀nba àdín àti ìwé tí ń dán ásíìdì wò tó láti kọ́ kíláàsì kan ní ohun tí Chevreul kọ sínú ìwé rẹ̀. Kí olùkọ́ ṣọ́ àwọn ọmọ náà dáadáa, kí omi eérú má kan ojú wọn. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí epo tí ó di ọṣẹ kò ní ṣòro fún láti béèrè ohun tí ń bẹ nínú ike ìpara.

Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín. Wọn kò sọ pé funfun niyì awọ. Adúmáadán ni wọ́n fi ń ki arẹwà. Ní Ifọ́n, ibi tí a ti ń bọ òrìṣà funfun, aṣọ àlà àti ẹfun ni funfun wà fún, kì í ṣe awọ olùsìn. Àwọn àgbà náà ni wọ́n sì sọ pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Epo, èédú àti àdín ni Òòṣà Olúfọ́n wẹ̀ kúrò ní ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ìdọ̀tí ni ó wẹ̀ nù. Awọ ara rẹ̀, ó fi òrí pa á, ó sì jẹ́ kí ó wà.